Ètò àbójútó òṣìṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà: ohun tí mo rí lẹ́yìn ọdún mẹ́ta tí mo ti ń lò ó

Ó ti lé ní ọdún mẹ́ta báyìí tí ilé iṣẹ́ tí mo wà ti kó gbogbo ọ̀rọ̀ tó jẹ mọ́ òṣìṣẹ́ kúrò nínú fáìlì, tí wọ́n sì kó o sínú ètò kan ṣoṣo lórí kọ̀ǹpútà. Owó oṣù, ìsinmi, àkókò tí a dé ibi iṣẹ́ àti ìgbà tí a kúrò, ìgbéléwọ̀n iṣẹ́, ìdánilẹ́kọ̀ọ́, títí kan ìyípadà àdírẹ́sì ilé, inú rẹ̀ ni gbogbo wọn ń gbà báyìí. N kò ní dárúkọ ètò náà, nítorí pé àwọn tí mo ti rí nínú irú rẹ̀ jọra bí ọmọ ìyá, àti nítorí pé púpọ̀ nínú ẹ̀sùn tí mo ní wà lọ́rùn ẹni tó rà á ju ẹni tó ṣe é lọ. Ojú òṣìṣẹ́ ni mo fi wò ó. Ìbéèrè méjì péré ni mo mú dání: ṣé ó jẹ́ kí iṣẹ́ mi tẹ́ mi lọ́rùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣé ó sì jẹ́ kí n ṣe iṣẹ́ náà dáadáa sí i? Ìdáhùn sí èkíní ni bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ó ní ibi tó mọ. Ìdáhùn sí èkejì gba àlàyé.

Kí ètò yìí tó dé, ẹni tó bá fẹ́ lọ fún ìsinmi yóò kọ́kọ́ wá fọ́ọ̀mù, yóò kọ ọ̀rọ̀ sínú rẹ̀, yóò mú un tọ ọ̀gá rẹ̀ lọ, ọ̀gá yóò buwọ́ lù ú tàbí kí ó ní kí wọ́n fi í sórí tábìlì, lẹ́yìn náà ni fọ́ọ̀mù yóò wọ ẹ̀ka àbójútó òṣìṣẹ́, níbi tí akọ̀wé kan yóò ti ṣí fáìlì láti ka iye ọjọ́ tó kù. Bí fọ́ọ̀mù bá sọnù lójú ọ̀nà, ẹni tó ni ín ni yóò tún òmíràn kọ. Ìwé tó pọ̀ kọ́ ló dùn wá jù nínú rẹ̀, ẹ̀bẹ̀ ni. Ọjọ́ ìsinmi tó jẹ́ ẹ̀tọ́ ẹni ti di ojúrere, ẹni tó bá sì mọ akọ̀wé dáadáa ni ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ń yá. Nísinsìnyí mo ṣí fóònù mi, mo rí i pé ọjọ́ mọ́kànlá ló kù fún mi, mo yan èyí tí mo fẹ́, ìbéèrè mi lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá, mo sì ń wo ibi tó dé. Bí ọ̀gá kò bá gbà, ètò náà kò ní jẹ́ kí ó kọjá láìjẹ́ pé ó kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n fi pọ́n ètò yìí lé lọ́jọ́ tí wọ́n mú un wá hàn wá, ẹnikẹ́ni kò mẹ́nu ba àpótí kékeré yẹn, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló yí ìwà padà jù. Ẹni tó máa ń sọ pé kò ṣeé ṣe láìwẹ̀yìn ti ń ronú báyìí kó tó tẹ bọ́tìnnì.

Ìwé owó oṣù ló tẹ̀ lé e. Tẹ́lẹ̀, iye tó wọ àkáǹtì wa ní báńkì nìkan ni a ń rí. Bí wọ́n ṣe ṣírò rẹ̀ kò yé ẹnikẹ́ni nínú wa. Nínú ètò tuntun yìí, gbogbo ìlà ló wà níta gbangba: owó iṣẹ́ gan-an, owó àfikún wákàtí, owó orí, owó ìfẹ̀yìntì, gbèsè tí wọ́n ń yọ díẹ̀díẹ̀, àti ohun tó ṣẹ́ kù. Ní oṣù kẹrin tí a bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, mo rí i pé wákàtí mẹ́fà tí mo fi ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ ìsinmi kò sí níbẹ̀. Mo tẹ ìlà náà, mo kọ àlàyé, mo fi àwòrán àkọsílẹ̀ wákàtí náà tì í lẹ́yìn, wọ́n sì san án mọ́ owó oṣù tó tẹ̀ lé e. N kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn, n kò sì wá ẹni tó mọ ẹni. Láyé ìwé, bóyá n kò tilẹ̀ ní mọ̀ pé owó kan sọnù.

Ìtẹ́lọ́rùn wà nínú èyí, n kò lè purọ́. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a mọ irú ìtẹ́lọ́rùn tó jẹ́. Ní 1959, Frederick Herzberg, onímọ̀ nípa ìrònú ọmọ ènìyàn ní Amẹ́ríkà, gbé àbájáde ìwádìí kan jáde tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe láàárín àwọn ẹnjiníà àti àwọn oníṣirò owó, tí wọ́n jẹ́ bí igba ènìyàn. Ohun tí wọ́n rí ni pé ọ̀tọ̀ ni ohun tó ń bí ènìyàn nínú lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀tọ̀ sì ni ohun tó ń fún un láyọ̀ níbẹ̀. Òfin ilé iṣẹ́ tí kò mọ́gbọ́n wá, owó oṣù tó ń ṣe ségesège, ọ̀gá tí kò mọ iṣẹ́ rẹ̀ ṣe, ìwọ̀nyí ń bí ènìyàn nínú. Ṣùgbọ́n bí a bá tún wọn ṣe tán, ìbínú ló lọ, ayọ̀ kò tíì dé. Ayọ̀ ń ti inú iṣẹ́ fúnra rẹ̀ wá, láti ara ohun tí ènìyàn ṣe tó yọrí, tí wọ́n sì mọ̀ ọ́n fún un, láti ara ojúṣe tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́. Àwọn onímọ̀ mìíràn ti bá Herzberg jiyàn lórí bó ṣe ṣe ìwádìí náà, mo sì mọ̀ pé owó lè bí ènìyàn nínú kó tún fún un láyọ̀ lọ́jọ́ kan náà. Síbẹ̀, bí mo bá fi ìpín rẹ̀ wo ètò yìí, gbogbo ibi tí ètò náà ti ṣe dáadáa bọ́ sí apá èkíní. Ó yọ òkúta kúrò nínú bàtà wa. Kò kọ́ wa ní eré sísá.

Ó sì ní ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀. Owó oṣù wà lára iṣẹ́ tí àwọn oníṣòwò kọ́kọ́ gbé fún kọ̀ǹpútà rárá. Ilé iṣẹ́ J. Lyons ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, tó ń ta tíì àti àkàrà òyìnbó, bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ̀ǹpútà tirẹ̀, tí wọ́n pè ní LEO, ṣe iṣẹ́ ọ́fíìsì ní 1951, kò sì pẹ́ tó fi ń ṣírò owó àwọn òṣìṣẹ́. Ní 1954, ilé iṣẹ́ General Electric ń fi kọ̀ǹpútà tí wọ́n pè ní UNIVAC ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà. PeopleSoft, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe irú ètò yìí, dé ní 1987, ilé iṣẹ́ sọ́fítíwíà Oracle rà á ní 2005, ọdún yẹn kan náà ni Dave Duffield, ọ̀kan nínú àwọn tó dá PeopleSoft sílẹ̀, bá Aneel Bhusri dá Workday, tó ń ṣe irú ètò kan náà, sílẹ̀. Ẹ wo ìdílé tí àwọn ètò wọ̀nyí ti wá: ilé oníṣirò owó ni. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìlà kan nínú tábìlì ni òṣìṣẹ́ jẹ́ lójú wọn, ẹ̀yìn ìgbà náà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí fèrèsé kan kí òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ lè yọjú wo ìlà rẹ̀. Nítorí náà kò yà mí lẹ́nu pé ibi tó bá kan iye, ọjọ́ àti wákàtí, ètò náà mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n ibi tó bá ti kan ọ̀rọ̀ ènìyàn, ó ń kọsẹ̀.

Ìṣirò yẹn náà lè ṣìnà, bó bá sì ṣìnà, kò sí àǹfààní mìíràn tó lè dí àlàfo rẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ Kánádà ṣí ètò owó oṣù tí wọ́n pè ní Phoenix ní oṣù kejì ọdún 2016. Orí sọ́fítíwíà PeopleSoft ni wọ́n gbé e kà, IBM ló bá wọn ṣe é, ìrètí wọn sì ni pé yóò máa fi bí mílíọ̀nù 70 dọ́là pamọ́ fún ìjọba lọ́dọọdún. Kí ètò náà tó fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ ni wọ́n ti dá ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ iṣẹ́ owó oṣù náà dúró, wọ́n kó ìyókù jọ sí ìlú kan ṣoṣo, Miramichi, wọ́n yọ àwọn apá kan kúrò nínú sọ́fítíwíà náà kí owó má bàa kọjá ohun tí wọ́n là kalẹ̀, wọn kò sì dán an wò ní ẹ̀ka kan kí wọ́n tó fi lé gbogbo ènìyàn lọ́wọ́. Àwọn kan gba owó tó dín, àwọn kan gba èyí tó lé, àwọn mìíràn kò gba kọ́bọ̀. Ní 2018, Ayẹ̀wéwò Àgbà orílẹ̀-èdè náà pè é ní ìjákulẹ̀ tí kò yéni. Ọ̀rọ̀ sọ́fítíwíà nìkan kọ́ ni. Wọ́n lé ẹni tó mọ̀nà lọ kí ẹni tó ń kọ́ ọ̀nà tó dé.

Tiwa kò le tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n a tọ́ ọ wò. Lóṣù àkọ́kọ́, wọ́n yọ owó ìfẹ̀yìntì lẹ́ẹ̀mejì lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó ti yí orúkọ padà nígbà kan rí, nítorí pé ètò náà kà wọ́n sí ènìyàn méjì. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni wọ́n fi tún un ṣe. Ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún yẹn, n kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wọn sọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ lásìkò oúnjẹ ọ̀sán; owó ni gbogbo ọ̀rọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí owó oṣù tó yingin ṣe ń ba iṣẹ́ jẹ́, kó wá jókòó tì wá nígbà náà.

Aago ẹnu ọ̀nà, èyí tí a ń fi ìka tẹ̀, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ó mọ̀ pé mo pẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́rin, kò mọ̀ pé mo gbé iṣẹ́ lọ sílé lánàá. Àwọn tó ń pẹ́ dé ti dín kù lóòótọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó ń dúró ran ẹlẹgbẹ́ wọn lọ́wọ́ lẹ́yìn tí iṣẹ́ parí, nítorí pé aago ti kọ́ wa láti máa ka ìṣẹ́jú.

Apá tí wọ́n fi polówó ètò náà jù ni ìgbéléwọ̀n iṣẹ́, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ dúró sí dáadáa. Bó ṣe yẹ kó rí nìyí: ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá rẹ̀ yóò jọ kọ àwọn ohun tí wọ́n fẹ́ kó ṣe sínú ètò, láàárín ọdún, wọn yóò máa kọ bó ṣe ń lọ sí, ní ìparí ọdún, ọ̀gá yóò fún un ní máàkì láti oókan dé márùn-ún, máàkì yẹn ni wọn yóò sì fi pinnu àfikún owó àti ìgbéga. Lọ́dún àkọ́kọ́, ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ọ̀gá mi ìgbà náà kò ṣí ojú ewé mi láti oṣù kejì títí di ọjọ́ tí wọn yóò ti i pa. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, ó kọ gbólóhùn kan náà fún ènìyàn mẹ́sàn-án, ó gbàgbé láti yí orúkọ padà nínú méjì nínú wọn, ó sì fún gbogbo wa ní mẹ́ta. Ètò náà gba gbogbo rẹ̀ wọlé, ó tan iná àwọ̀ ewé fún un pé ó ti ṣe tán. Lójú àwọn ọ̀gá àgbà tó ń wo àwòrán àpapọ̀, ẹ̀ka wa ti ṣe ìgbéléwọ̀n pé pérépéré. Lójú tèmi, ẹnì kan ti sọ fún mi pé kò rí mi láti ọdún mọ́júmọ́. Ọdún yẹn ni mo ṣiṣẹ́ díẹ̀ jù láti ìgbà tí mo ti dé ilé iṣẹ́ yìí, n kò sì ní tìjú láti sọ ọ́.

Lọ́dún kejì, wọ́n gbé ọ̀gá mìíràn fún wa. Ètò kan náà ni, ojú ewé kan náà, bọ́tìnnì kan náà. Ṣùgbọ́n obìnrin yìí ní àṣà kan: ọjọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ gan-an ló ń kọ ọ́, ìlà méjì tàbí mẹ́ta, ó sì ń kọ ọ́ níbi tí èmi náà ti lè rí i. Nígbà kan ó kọ pé ìròyìn tí mo fi ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà kún fún òótọ́, àmọ́ pé ojú ewé kẹta ni mo tó sọ ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́. Mo ka á lórí fóònù mi nínú ọkọ̀ nígbà tí mo ń lọ sílé. Ara ta mí díẹ̀. Láti ìgbà náà, ojú ewé àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ tó ṣe kókó ń wà, àwọn oníbàárà kò sì pe wá mọ́ láti béèrè ohun tí a ti kọ. Nígbà tí ọdún parí, kò sí ohun tó yà mí lẹ́nu nínú máàkì mi, nítorí pé mo ti ń ka ìtàn rẹ̀ bó ṣe ń lọ. Richard Hackman àti Greg Oldham, àwọn onímọ̀ tí wọ́n kọ nípa ọ̀rọ̀ yìí láàárín àwọn ọdún 1970, ka mímọ bí iṣẹ́ ẹni ṣe rí mọ́ àwọn ohun márùn-ún tó ń mú iṣẹ́ dùn ún ṣe, pa pọ̀ mọ́ òmìnira láti pinnu bí a ó ṣe ṣe é. Adobe, tó jẹ́ pé sọ́fítíwíà fúnra rẹ̀ ló ń tà, pa ìgbéléwọ̀n ọdọọdún rẹ̀ tì ní 2012, wọ́n sì fi ìjíròrò lóòrèkóòrè rọ́pò rẹ̀. Nítorí náà, bí àwọn tó ń ta ètò bá sọ pé ó ń mú kí òṣìṣẹ́ ṣe dáadáa sí i, kí ẹ bi wọ́n pé ọ̀gá wo ni wọ́n ń tà pẹ̀lú rẹ̀.

Apá kan wà tí kò yẹ kí wọ́n rà rárá. Lẹ́yìn bí ọdún méjì, wọ́n fi ohun kan kún ètò wa tó ń ka iye ìgbà tí ẹnì kọ̀ọ̀kan fi iméèlì ránṣẹ́ àti bó ṣe pẹ́ tó tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ dákẹ́. Kò pé oṣù kan tí àwọn ènìyàn fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi iméèlì mẹ́ta ṣe iṣẹ́ ọ̀kan. Ẹni tó ń ronú, ètò náà ń pè é ní ẹni tó ń sùn. Kì í ṣe ilé iṣẹ́ wa nìkan ni èyí ti ṣẹlẹ̀ sí: ní 2020, Microsoft gbé irú ohun bẹ́ẹ̀ jáde, ariwo sọ, kí ọdún náà tó parí wọ́n ti yọ orúkọ ènìyàn kúrò nínú rẹ̀. Tiwa ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n ní àwọn kì í wò ó.

Ọ̀rọ̀ ẹni tó ń wo nǹkan kò kéré. Ní 2020, aláṣẹ ààbò ìwífún ní ìlú Hamburg, lórílẹ̀-èdè Jámánì, bu owó ìtanràn tó lé ní mílíọ̀nù 35 owó yúrò lé ilé iṣẹ́ tó ń ta aṣọ, H&M, nítorí pé àwọn ọ̀gá ní ibi iṣẹ́ rẹ̀ kan ní Nuremberg ń kọ ọ̀rọ̀ àìsàn, ẹ̀sìn àti wàhálà ìdílé àwọn òṣìṣẹ́ sílẹ̀ níbi tí ọ̀pọ̀ ọ̀gá ti lè kà á. Nínú ètò wa, mo lè rí ohun gbogbo tí wọ́n kọ nípa mi, àmọ́ n kò lè rí orúkọ ẹni tó ṣí i. Ètò náà ń kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ̀ka kọ̀ǹpútà sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Wọn kò kàn fi hàn wá ni.

Bó ṣe rọrùn tó láti lò dá lórí ibi tí ènìyàn jókòó sí. Fred Davis, onímọ̀ kan tó ṣe ìwádìí lórí bí ènìyàn ṣe ń gba kọ̀ǹpútà, sọ ọ́ ní 1989 pé ohun méjì ló ń mú kí ènìyàn gba ẹ̀rọ tuntun: kó gbà pé yóò wúlò fún òun, kó sì gbà pé kò ní nira. Fún àwa tó ń lo kọ̀ǹpútà látàárọ̀ ṣúlẹ̀, méjèèjì wà. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kò ní kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni wọ́n gbé sí ẹnu ọ̀nà fún gbogbo wọn, wọ́n sì ń tò láti lò ó ní àkókò ìsinmi ọ̀sán tí kò gùn. Fún wọn, ìlà tó wà níwájú akọ̀wé láyé ìwé ló ṣí wá síwájú ẹ̀rọ. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wákàtí méjì ni wọ́n fún wa, àwòrán orí ògiri sì ni gbogbo rẹ̀.

Wọ́n ṣèlérí pé bí ẹ̀rọ bá gba iṣẹ́ ìwé lọ́wọ́ ẹ̀ka àbójútó òṣìṣẹ́, àwọn ènìyàn inú ẹ̀ka náà yóò ráàyè gbọ́ tiwa. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n dín wọn kù, àwọn tó ṣẹ́ kù sì ní ìdáhùn kan ṣoṣo: ẹ fi sínú ètò. Ẹlẹgbẹ́ mi kan pàdánù obìnrin tó tọ́ ọ dàgbà. Nígbà tó fẹ́ gba ìsinmi ọ̀fọ̀, ètò náà ní kó yan ẹni tó kú nínú àwọn tí wọ́n tò sílẹ̀: bàbá, ìyá, ọkọ tàbí aya, ọmọ, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò. Obìnrin náà kì í ṣe ìkankan nínú wọn. Ó pe ẹ̀ka náà lórí fóònù, wọ́n ní kó yan ìyá. Ó ní ìyá òun ṣì wà láàyè, pé òun kò lè fi ọwọ́ ara òun kọ ọ́ pé ó ti kú. Ọjọ́ ìsinmi tirẹ̀ ló fi sin òkú náà. Ẹ̀bẹ̀ wà láyé ìwé, mo ti sọ bẹ́ẹ̀, mo sì kórìíra rẹ̀. Àmọ́ akọ̀wé tí wọ́n ń bẹ̀ nígbà náà ì bá ti wo ojú ọmọbìnrin yẹn, kó sì wá nǹkan kọ.

Mo fún ètò náà ní ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún. Owó oṣù àti ìsinmi ló gbà á, wọ́n sì tọ́ sí i. Yóò gba ìkẹrin lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ tí wọ́n bá fi àyè kan sílẹ̀ níbi tí wọ́n to àwọn mọ̀lẹ́bí sí, tí ènìyàn lè fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ kọ ẹni tí òkú jẹ́ sí i. Mo ti fi ìbéèrè náà sínú ètò ní ìgbà mẹ́ta. Iná àwọ̀ ewé ló tàn sí i ní ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, pé wọ́n ti yanjú rẹ̀.